Bàtà Mélòó Lo Ní? Ìdí Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Kan Fi Lè Máà Tó

Lónìí, omi là ń lọ.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, àbúrò kan tó ń gbé àdúgbò wa níbí ní Jonesboro, ní gúúsù Atlanta, wá kí mi. Ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé, ló bá rí ọkọ̀ ojú omi méjì. Mo dojú ọ̀kan dé sórí igi, èkejì sì jókòó sórí tírélà kékeré rẹ̀. Ó dúró, ó wò mí, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ méjì! Ṣé ẹ fẹ́ máa kó èrò lọ sí Badagry ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ, ẹsẹ̀ méjì péré lo ní. Bàtà mélòó ló wà nílé rẹ?"

Ó ronú díẹ̀. Bàtà iṣẹ́ wà, bàtà òde wà, bàtà tó fi ń sáré wà, sálúbàtà náà wà. Ó ní, "Ó máa tó mẹ́fà." Mo ní, "Ṣé o lè wọ sálúbàtà rìn nínú yìnyín?" Ó ní, "Ká má rí i!"

Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tàbí fáàrí nìkan. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ lọ sórí omi tí kò bá a mu, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Mo mọ̀, torí mo ti ṣe é rí.

Omi pọ̀, ìwà wọn ò jọra

Ẹ kọ́kọ́ wo omi tó yí wa ká. Odò Flint bẹ̀rẹ̀ nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Hartsfield-Jackson, kò jìnnà sí Jonesboro rárá. Ní agbègbè wa, odò kékeré ni, igi máa ń wó dí i lọ́nà. Àmọ́ bó ṣe ń lọ sí gúúsù ló ń fẹ̀ sí i. Nígbà tó bá dé Sprewell Bluff, nítòsí ìlú Thomaston, ó ti di odò gidi: òkúta wà nínú rẹ̀, omi ń sáré níbì kan, ó ń rọra lọ níbòmíràn, kò sì jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Odò yìí wà lára àwọn odò díẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń ṣàn ju 320 kílómítà lọ láìsí ògiri tí wọ́n fi sé e.

Jackson Lake yàtọ̀. Adágún ni, ìyẹn omi tó dúró sójú kan. Ìsédò Lloyd Shoals, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 1910, ló dá a sílẹ̀. Ó ní àwọn kọ̀rọ̀ tó dákẹ́, tí àwọn apẹja fẹ́ràn.

Lẹ́yìn náà ni Lake Lanier, ní àríwá Atlanta. Láti Jonesboro, ìrìn tó lé ní wákàtí kan ni. Àwọn ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló fi Buford Dam sé odò Chattahoochee níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950. Adágún yìí fẹ̀ tó éékà 38,000. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje ọkọ̀ wíwà nígbà Òlíḿpíìkì 1996. Lọ́jọ́ ìsinmi, ọkọ̀ ńláńlá máa ń pọ̀ níbẹ̀ bí mọ́tò lórí I-75.

Lake Spivey ló sún mọ́ wa jù, àmọ́ adágún àdáni ni. Tí o ò bá ní ilé tàbí ẹni tó pè ọ́ níbẹ̀, ojú lásán lo máa fi wò ó.

Omi mẹ́ta tí a lè lọ nìyẹn: ọ̀kan ń sáré kò sì jìn, ọ̀kan dákẹ́, ọ̀kan fẹ̀ ó sì ń ru. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu dáadáa.

Ìdí ọkọ̀ ló ń sọ ibi tó lè lọ

Kí ló ń mú kí ọkọ̀ léfòó? Archimedes, ará Gíríìkì tó gbé ní Syracuse ní ohun tó lé ní ọdún 2,200 sẹ́yìn, ló ṣàlàyé rẹ̀: ohunkóhun tó bá wọ inú omi máa ti omi díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, agbára tí omi sì fi ń gbé nǹkan náà sókè dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n omi tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ká sọ pé ìdí ọkọ̀ kan rí pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì, ó gùn ní mítà 4, ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Tó bá wọ inú omi ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré, lítà omi 40 ló tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lítà omi kan wọn kílò kan. Ìyẹn ni pé fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, omi máa gbé kílò 40. Tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àgbàlagbà méjì, ẹ́ńjìnnì kékeré àti ẹrù bá jẹ́ kílò 320, sẹ̀ǹtímítà 8 péré ló máa wọ inú omi. Kò tilẹ̀ tó gígùn ìka ọwọ́ méjì!

Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi fẹ́ràn ọkọ̀ onídìí pẹrẹsẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní jon boat níbí. Ó lè wọ ibi tí omi ò jìn. Tí o bá dìde dúró ju ìwọ̀ nínú rẹ̀, kì í tètè fì. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ mi méjì nìyẹn. Jackson Lake ni mo ń gbé e lọ.

Èkejì ni kayak: ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àjẹ̀ ni mo fi ń wà á. Àjẹ̀ ni igi pẹlẹbẹ tí a fi ń ti omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú. Èyí ni mo ń gbé lọ sí odò Flint. Kí ló dé tó fi gùn? Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá máa ń dá ìgbì sílẹ̀. Bó bá ṣe ń yára sí i ni ìgbì náà ń gùn sí i, títí tó fi gùn tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ńṣe ló dà bíi pé ọkọ̀ ń gun òkè tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 3 nínú omi máa bẹ̀rẹ̀ sí í tiraka ní nǹkan bíi kílómítà 8 ní wákàtí. Èyí tó gùn ní mítà 5 lè tó kílómítà 10 kó tó tiraka bẹ́ẹ̀.

Oríṣi kẹta ni ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹnu àáké. Ìdí yẹn ń la ìgbì sí méjì dípò kó máa gbá a mọ́lẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá lágbára, ó máa gbé ara rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, á sì máa sáré lórí rẹ̀, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù lójú odò. Àmọ́ ó fẹ́ omi tó jìn, ó sì ń mu epo. Irú èyí ló bá Lanier mu. Èmi ò ní in.

Ọjọ́ tí mo kọ́gbọ́n

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ onídìí pẹrẹsẹ yẹn nìkan ni mo ní. Mo rò pé ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀ Memorial Day, èmi àti ọmọkùnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, gbé e lọ sí Lanier.

Láàárọ̀, gbogbo nǹkan dára. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ọkọ̀ ńlá dé. Ọ̀kan kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó sì sọ wa sílẹ̀ gbàà! Òmíràn tún kọjá. Etí ọkọ̀ wa kò ga, nítorí náà omi gba etí rẹ̀ wọlé. Mo ní kò burú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ọ́n. Kí n tó gbọ́n ti àkọ́kọ́ tán, ẹ̀kejì ti wọlé.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà nìyí: omi tó bá wọ inú ọkọ̀ kì í jókòó sójú kan. Tí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún, omi náà á sáré lọ sọ́tùn-ún, á sì máa ti ọkọ̀ lọ síbi tó ti ń fì sí tẹ́lẹ̀. Ìdí pẹrẹsẹ tó dúró ṣinṣin lórí omi tó dákẹ́ náà ló tún ń bá ìgbì fì lórí omi tó ń ru, torí pé ojú omi ló ń tẹ̀ lé.

Ọmọ mi di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní, "Dádì, ṣé a máa rì?" Mi ò lè dá a lóhùn. Mo rọra darí ọkọ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, mo sì dúró síbẹ̀ títí ojú omi fi rọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó wà lọ́rùn rẹ̀, torí òfin Georgia ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ tó ń rìn. Tèmi? Abẹ́ ìjókòó ló wà. Mo mọ̀wẹ̀, mo ń fi ìyẹn yangàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Nílé náà, bẹ́ẹ̀ ló rí

Ẹ má rò pé àṣà Amẹ́ríkà ni kí ọkọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ẹ lọ wo Mákòkò ní Èkó. Ọkọ̀ kékeré tí ọmọdé lè fi àjẹ̀ wà ni wọ́n fi ń gba àárín ilé kọjá. Ọkọ̀ tó ń kó yanrìn lórí ọ̀sà fẹ̀, ó sì wúwo. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tó ń kojú òkun gidi ń lo ọkọ̀ gígùn tí iwájú rẹ̀ ga, kí ìgbì má baà wọlé. Kò sí ẹni tó máa fi ọkọ̀ ọmọdé lọ pẹja lójú òkun.

Ìmọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kan ọkọ̀ onígi kan nínú ilẹ̀. Nǹkan bí ọdún 8,000 ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ó gùn ní mítà 8.4, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bíi kayak mi gẹ́lẹ́. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ irú omi tó fẹ́ gbé e lọ.

Kí ẹ tó ra èkejì

Àbúrò mi wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra mẹ́ta nìyẹn?" Mo ní rárá o. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìnáwó tirẹ̀: tírélà, táyà, inṣọ́ránsì, ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ní Georgia, ọkọ̀ tó bá ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta la ń tún un ṣe. Kayak tí a ń fi àjẹ̀ wà kò nílò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1998 gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ wíwà kó tó lè wa èyí tó ní ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí mo ní kó ṣe nìyí. Kọ orúkọ omi tí o máa ń lọ jù sílẹ̀. Ra ọkọ̀ tó bá omi yẹn mu. Tí omi kejì bá wà tí ò ń lọ léraléra, ìgbà yẹn ni kó o ronú nípa ọkọ̀ kejì. Èyí tó o ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, yá ọkọ̀ tàbí kó o bá ọ̀rẹ́ lọ. Bí mo ṣe ń lọ sí Lanier nìyẹn báyìí. Tún wo páálí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré: iye ènìyàn àti ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé wà níbẹ̀. Má kọjá rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni jákẹ́ẹ̀tì. Coast Guard ilẹ̀ Amẹ́ríkà kà á pé ènìyàn 636 ló kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní ọdún 2022. Níbi tí wọ́n ti mọ ohun tó fa ikú, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kú sómi. Nínú àwọn tó kú sómi yìí, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ márùn-ún. Ẹ̀mí ò ní ìpààrọ̀.

Àbúrò mi dákẹ́. Ó tún wo ọkọ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo la máa gbé jáde lọ́la?"

Mo ní, "Sọ omi tí à ń lọ fún mi ná."