Gbígbé Ẹrù Yàtọ̀ sí Ṣíṣètò Ẹrù

Johannesburg ni ìlú tí ó tóbi jùlọ ní Gúúsù Áfíríkà, síbẹ̀ kò sí ní etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí odò tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà dé ibẹ̀. Èbúté Durban, tí púpọ̀ nínú ọjà rẹ̀ ń gbà wọlé, jìnnà sí i ju 500 kìlómítà lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbígbé ẹrù àti ṣíṣètò ẹrù, ìlú yìí ni kí ó wò.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nǹkan kan náà ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Awakọ̀ tí ó kó iṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ó bá ti já ẹrù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n alájàpá tí ó ni iṣu ti ronú kí ọkọ̀ tó gbéra: iye tí yóò tà, ọjọ́ tí ọjà yóò kún, ibi tí yóò kó iṣu sí kí ó má baà rà, àti ohun tí yóò ṣe bí ọ̀nà bá dí. Gbígbé ẹrù ni iṣẹ́ awakọ̀. Ètò alájàpá, tí iṣẹ́ awakọ̀ jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, ni àwọn oníṣòwò òde òní ń pè ní logistics.

Ìtàn Johannesburg jẹ́rìí sí i. Ọdún 1886 ni a rí wúrà níbẹ̀. Ní 1892, reluwé láti Cape dé ìlú náà. Ṣùgbọ́n ní 1895, ilé-iṣẹ́ reluwé Transvaal bu owó gọbọi lé ẹrù tí ó bá gba ojú irin láti odò Vaal dé Johannesburg. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù sílẹ̀ létí odò, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà kó o sọdá. Ní oṣù kẹwàá, Ààrẹ Kruger ti àwọn ibi ìsọdá náà pa. Ọ̀ràn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó ṣí wọn ní oṣù kọkànlá. Reluwé kò bàjẹ́, ojú irin kò sì já. Ètò ni kò gún.

Ní 1977 ni a ṣí City Deep ní Johannesburg, èbúté tí kò ní omi. Kọ̀ǹtẹ́nà tí ọkọ̀ òkun já sílẹ̀ ní Durban lè bá reluwé wá tààrà pẹ̀lú èdìdì rẹ̀, kí àwọn aṣọ́bodè tó yẹ̀ ẹ́ wò ní City Deep, kí lọ́rì sì gbé e lọ sí ilé ìtajà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn onírúkèrúdò dáná sun àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní Mooi River, a sì ti ọ̀nà Durban sí Johannesburg pa. Reluwé tí ì bá ran ọ̀nà náà lọ́wọ́ ti ń rẹ̀yìn: olè ń jí wáyà iná, ohun èlò àtúnṣe ẹ̀rọ sì wọ́n. Ẹrù tí ilé-iṣẹ́ Transnet fi reluwé gbé jákèjádò ilẹ̀ náà lọ sílẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 226 tọ́ọ̀nù ní 2017/18 sí ohun tí kò tó mílíọ̀nù 150 ní 2022/23. Nígbà tí ó fi di oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọkọ̀ òkun tí ó ju 60 lọ ń dúró lẹ́yìn èbúté Durban. Lọ́rì wà ní Johannesburg, awakọ̀ wà. Ọjà ni kò dé.

Ní ọdún 2023 kan náà ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí wàhálà ètò ẹrù. Ní 2025, a kéde ilé-iṣẹ́ aládàáni 11 tí yóò lè máa fi reluwé tiwọn rìn lórí ojú irin ìjọba.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún oníṣòwò ńlá àti kékeré, pàápàá fún ẹni tí ó ti rí ìlà lọ́rì ní Àpápà rí. Ẹni tí ó ń ka owó ọkọ̀ nìkan kò tíì ka gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹrù fi dúró náà ń jẹ owó, ẹni tí yóò sì san án nígbẹ̀yìn ni òtòṣì tí ó wá ra ọjà.