Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Àìsàn Ọpọlọ Tó Padà Dé

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti rí i rí. Àìsàn ọpọlọ padà dé sí ẹnìkan lára. Ẹ̀gbọ́n ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àlífáà, ìyàwó ní ilé ìwòsàn ni, àbúrò ti lọ wá ṣẹ́ẹ̀nì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kò lè sọ tirẹ̀ mọ́.

Ó lè ti sọ ọ́ ṣáájú, nínú ìwé tó kọ nígbà tí orí rẹ̀ pé. Íńdíà fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú òfin ìlera ọpọlọ wọn ní 2017. Nílé wa, January 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916. A kò ní tàn yín o: ìwé yìí kò de dókítà lọ́wọ́ bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kó mọ ohun tí ẹ fẹ́.

Kí lẹ máa kọ? Oògùn tó bá yín lára mu, àti èyí tí kò bá yín mu. Haloperidol, fún àpẹẹrẹ, máa ń mú ọrùn àwọn kan lọ́. Ẹni tí kó gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ àti owó ọjà. Pé kí wọ́n má fi ṣẹ́ẹ̀nì dè yín. Ẹni tó ń lo lithium, kó bi dókítà léèrè ṣáájú Ramadan: bí omi bá gbẹ lára, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ ohun tí dókítà bá sọ síbẹ̀.

Ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì. Àwa Mùsùlùmí kò ṣàjèjì sí èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alukuraani ní ká ṣe tí a bá ń kọ gbèsè sílẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH tàbí ti Bowen. Ti Bowen bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi, ìyẹn kò ní kí Mùsùlùmí má lọ. Ará Ọ̀yọ́ lè kọ́kọ́ lọ sílé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún un. Ọjọ́ tí ara yín yá tí ẹ lọ rí dókítà ni kí ẹ mú ìwé náà dání. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ pé orí yín pé lọ́jọ́ náà, kó sì buwọ́ lù ú.

Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó ṣáà fi í sínú fáìlì yín. Kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí ẹlòmíì sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, torí fáìlì a máa sọnù.