Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ara Wa Nínú Ayé Àfẹ̀rọdá

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ ohun tí a fojú rí lè tan ara jẹ? Bí ó bá tàn án jẹ, báwo ni a ó ṣe mọ̀?

Ẹ̀rọ kan wà tí a fi ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Òyìnbó ń pè é ní virtual reality. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ayé àfẹ̀rọdá. Awò ńlá kan ni a ń dè mọ́ ojú. Kọ̀ǹpútà a gbé àwòrán síwájú ojú méjèèjì. Bí ẹni náà bá yí orí, àwòrán náà a bá a yí. Ivan Sutherland ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rọ́bà lásán ni ó la ọ̀nà ńlá. Ní 1998, Botvinick àti Cohen fi ọwọ́ ènìyàn pa mọ́ kí ó má baà rí i, wọ́n gbé ọwọ́ rọ́bà síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó yá, ó ń ṣe onítọ̀hún bíi pé ara rọ́bà ni ó ti ń mọ búrọ́ọ̀ṣì náà lára. Bí búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì kò bá bọ́ sí àsìkò kan náà mọ́, ẹ̀tàn náà a dínkù. A rí i pé ìfohùnṣọ̀kan ojú àti awọ ara wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé "ara mi nìyí".

Ní 2010, Mel Slater àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barcelona gbé e kọjá ọwọ́ nìkan. Nínú ayé àfẹ̀rọdá, àwọn ọkùnrin wo ara wọn, wọ́n rí ara ọmọdébìnrin. Nígbà tí a gbá ọmọ náà létí, bí ọkàn àwọn tí ó ti fi ojú rẹ̀ ríran ṣe ń lù yí pa dà.

Ẹ wá mú un wá sí Ìkẹjà GRA, tí kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá de awò náà nínú yàrá níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń rí igbó kìjikìji, tí etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfurufú, ojú àti etí kò fohùn ṣọ̀kan mọ́. Ara lè tètè rántí ibi tí ó wà.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti kan àwa olùkọ́ èdè. Ẹ̀rọ lè ka ìlù ọkàn. Ìbéèrè ni a fi ń mọ bí nǹkan ti rí lára ẹni. Bí a bá bi ènìyàn pé, "Ǹjẹ́ ọwọ́ yìí jọ ọwọ́ yín?", ìrísí nìkan lè mú un dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá ní, "Ǹjẹ́ ó ṣe yín bíi pé ọwọ́ yín ni?", ìmọ̀lára ni a béèrè. Bákan náà ni "gbọ́": a ń gbọ́ ìró, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Ẹni tí ó bá béèrè pé "Kí ni ẹ gbọ́?" láìṣe àlàyé yóò da ìdáhùn oríṣiríṣi pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní 2019, Daughters of Chibok, fíìmù ayé àfẹ̀rọdá tí Joel Kachi Benson ṣe, gba ẹ̀bùn ní Venice. Olùwòran a bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tí a jí ọmọ rẹ̀ gbé ní 2014. Àánú a ṣe é. Ṣùgbọ́n yóò tú awò, yóò máa lọ sílé. Ìyá náà kò ní awò tí yóò tú. Nítorí náà, kí olùwádìí má ṣe ka "Àánú wọn ṣe mí" sí "Mo mọ bí ó ti rí fún wọn." Àfojúbà pàápàá kò tó àfaradà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín láti ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ kí wọ́n tó de awò mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.