Ta Ló Po Kọnkéré Náà?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lọ ṣe físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó láìpẹ́ yìí. Ó ní títí wọ́n fi gba ìwé ìrìnnà òun, títí òun fi tẹ̀ka, òun ò rí òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Prof, ṣé ìjọba máa ń gbé irú iṣẹ́ báyìí fún ará ìta ni?"

Wọ́n ń gbé e o, ó sì ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè, ìyẹn ẹ́ḿbásì, nílò gáádì, awakọ̀, agbálẹ̀, ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni tí yóò kọ́lé. Iṣẹ́ àgbàṣe ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwa máa ń wo iye owó àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe. Mo rò pé ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni ọwọ́ tí nǹkan náà ń gbà kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Moscow ni n ó fi ṣàlàyé.

Ní 1969, Amẹ́ríkà àti ìjọba Soviet fún ara wọn nílẹ̀ láti kọ́ ẹ́ḿbásì tuntun sí, ọ̀kan ní Washington, ọ̀kan ní Moscow. Ní 1972 wọ́n fẹnu kò lórí bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ. Ní Washington, àwọn ará Soviet ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà lójú méjèèjì. Ní Moscow ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ Soviet ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979, ibòmíràn tí ojú Amẹ́ríkà ò tó ni wọ́n sì ti ń po kọnkéré òpó àti ti ìtì àjà, kí wọ́n tó kó o wá tò ó léra. Àwọn Amẹ́ríkà gbà pé ohun yòówù kí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀, àwọn á rí i yọ tó bá yá. Ṣebí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Inú kọnkéré gan-an ni ẹ̀rọ tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù Ògọ́sì 1985 wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ Soviet kúrò, ilé náà sì dúró gbagidi. Ní Dìsẹ́ńbà 1991, Vadim Bakatin, ẹni tó ṣe olórí KGB kẹ́yìn, fa àwòrán ibi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lé Robert Strauss, aṣojú Amẹ́ríkà, lọ́wọ́. Síbẹ̀ ọkàn wọn ò balẹ̀. Wọ́n wó àjà méjì tó wà lókè pátápátá, wọ́n kọ́ mẹ́rin mìíràn dípò rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tiwọn àti ohun èlò tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà. Ọdún 2000 ni wọ́n tó kó wọlé.

Ṣùgbọ́n ti táípúráítà ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1984, àjọ NSA kó àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú ẹ́ḿbásì àtijọ́ ní Moscow lọ sílé láti yẹ̀ wọ́n wò. Ẹrù náà tó tọ́ọ̀nù 11. Ẹ́síréè ni wọ́n fi rí i pé wọ́n ti ki nǹkan bọ inú irin kan nínú táípúráítà IBM Selectric. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n rí, èyí tó pẹ́ jù sì ti wà níbẹ̀ láti 1976. Ohun tí wọ́n gbà ni pé wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ láìsí ẹni tó tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ aṣọ́bodè Soviet ni nǹkan sì ti bà jẹ́.

Ẹ̀yin tó lo Selectric láyé ìjọsí yóò rántí bọ́ọ̀lù kékeré tó ní gbogbo lẹ́tà lára. (Bírò la fi ń fi àmì ohùn sí i lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán!) Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀lù náà á yí, á tún tẹ̀, á wá lu ìwé. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ yẹn ń mọ bó ṣe ń rìn, ó sì ń fi rédíò rán an síta. Ṣùgbọ́n àmì 16 péré ló lè rán, lẹ́tà àti àmì tó wà lára bọ́ọ̀lù sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àmì kan lè jẹ́ lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta. Bọ́tìnì àlàfo kì í sì í yí bọ́ọ̀lù, nítorí náà kò hàn ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí. Ìmọ̀ èdè ni ẹni tó ń gbà á yóò fi parí iṣẹ́: lẹ́tà wo ló wọ́pọ̀, èwo ló ń tẹ̀ lé èwo? Nínú Gẹ̀ẹ́sì, q kì í sábà rìn láìsí u. Ohun tí àwa náà ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí ìyàwó ilé bá kọ "oko mi ti de" sórí fóònù láìfi àmì kankan sí i, ọkọ rẹ̀ ni àbí ọkọ̀ rẹ̀? Ẹ̀yin mọ̀, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tó sọnù kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ tó bí a ti rò.

Ti àwọn agbálẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Àjọ ìjọba Soviet kan tí wọ́n ń pè ní UPDK ló ń pèsè awakọ̀, alásè àti agbálẹ̀ fún àwọn ẹ́ḿbásì. Ní Ọ̀kítóbà 1986, nígbà tí ìjọba méjèèjì ń lé aṣojú ara wọn, Soviet kó 260 òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀gá tó kàwé bí ẹni máa kú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé ìgbẹ́, wọ́n ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ PAE gba iṣẹ́ náà, tí wọ́n kó ará Amẹ́ríkà wá láti máa ṣe é. Lọ́dún 1986 yẹn kan náà, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni kó máa gba iṣẹ́ ńláńlá lórí kíkọ́ ẹ́ḿbásì.

Mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ níka kọ́ ni yóò pinnu bóyá yóò rí físà. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Pé aládàáni ni wọ́n kò sì bà mí lẹ́rù, torí ìjọba gan-an ló po kọnkéré ti Moscow. Mo wá bi í pé ta ló gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ, ibo ló sì sùn sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ò ronú àtibi wọ́n.