Àwọn Atọ́ka Aláwọ̀ Nínú Ìdámọ̀ Kókó Orísun Itọ́

Ṣegede ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ibi tí orísun itọ́ tí ó tóbi jù lọ wà, nítorí pé iwájú etí àti abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àrùn náà ti máa ń wú. Òmíràn wà lábẹ́ àgbọ̀n, òmíràn wà lábẹ́ ahọ́n, àwọn wẹ́wẹ́ sì fọ́n káàkiri inú ẹnu. Kókó lè yọ nínú èyíkéyìí wọn. Kókó náà ni Yorùbá ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ya oríṣi tí ó ju ọgbọ̀n lọ sọ́tọ̀. Àwọn kan kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Àwọn mìíràn jẹ́ jẹjẹrẹ paraku. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn jọra bí ìbejì lábẹ́ awò máíkírósíkóòpù.

Ìrísí ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ wọ́n lórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni acinic cell carcinoma, tí a lè pè ní jẹjẹrẹ oníṣùpọ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí èso bí àjàrà ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe itọ́ a máa ṣù jọ bí èso náà. Ní ọdún 2010, Alena Skálová àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn kan wà lára àwọn tí a ti ń pè bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í ṣe oníṣùpọ̀. Wọ́n jọ irú jẹjẹrẹ kan tí ó máa ń wà lọ́mú, àbùkù kan náà ni ó sì wà nínú àwọn méjèèjì: krómósómù kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ti gé, wọ́n sì ti so mọ́ra lódì. Secretory carcinoma ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní 2017. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní jẹjẹrẹ olóje.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Bí ohun àjèjì bá wọ ara, ara a máa pèsè èròjà kan tí yóò dì mọ́ àjèjì náà nìkan. Èyí ni a lè pè ní agbèjà-ara. Albert Coons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọ̀ tí ń tàn sára rẹ̀ ní 1941. Ní 1966, Nakane àti Pierce lo ẹ́ńsáìmù dípò rẹ̀, tí awò lásán fi lè rí i. Nínú iṣẹ́ òde òní, wọn a rẹ ẹran ara náà sínú fọ́málíìnì, wọn a sin ín sínú ìda, wọn a wá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Agbèjà-ara tí wọ́n bá dà sí i yóò wá purotéènì tirẹ̀ lọ. Ibi tí ó bá ti rí i yóò yọ àwọ̀ búráùn. Ìyókù yóò wà ní àwọ̀ aró.

Àwọn atọ́ka yìí fara jọ ilà ojú. Ẹni tí ó rí pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ àlejò kò lè torí rẹ̀ búra pé ìlú báyìí ni ó ti wá, nítorí pélé kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Yóò tẹ́tí sí ẹ̀ka-èdè rẹ̀, yóò sì bi í léèrè oríkì ìdílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni S100 rí. Ó máa ń yọ gan-an nínú olóje, ṣùgbọ́n ó tún ń yọ nínú àwọn kókó itọ́ mìíràn, àní nínú iṣan ìmọ̀lára pàápàá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wo mammaglobin pẹ̀lú rẹ̀: àwọn méjèèjì sábà máa ń yọ nínú olóje, DOG1 kì í sì í sábà yọ níbẹ̀. Ti oníṣùpọ̀ jẹ́ òdìkejì: DOG1 yóò hàn létí sẹ́ẹ̀lì, NR4A3 yóò sì hàn ní gbùngbùn rẹ̀. (DOG1 kò bá ajá tan o, ìkékúrú ni, ó ń tọ́ka sí kókó inú ikùn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀.) Ibi tí àwọ̀ wà ṣe pàtàkì bí àwọ̀ fúnra rẹ̀. Bí fọ́málíìnì bá pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù, atọ́ka lè purọ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹran ara mìíràn tí wọ́n ti mọ èsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Irú ìṣòro yìí tún wà láàárín adenoid cystic carcinoma àti polymorphous adenocarcinoma. p63 lè yọ nínú méjèèjì. P40 sábà máa ń yọ nínú ti àkọ́kọ́ nìkan. Ti àkọ́kọ́ yìí a máa tọ ojú iṣan ìmọ̀lára lọ, ó sì lè padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti gé e kúrò.

Orúkọ tí dókítà bá kọ sínú ìwé ni ìtọ́jú yóò tẹ̀ lé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe fún oníṣùpọ̀ àti olóje, ṣùgbọ́n bí olóje bá ti tàn kálẹ̀, oògùn kan wà, larotrectinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018, tí ń bá àbùkù krómósómù rẹ̀ jà. Aláìsàn tí wọ́n pe olóje tirẹ̀ ní oníṣùpọ̀ lè má gbọ́ orúkọ oògùn náà láéláé. Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ni ó ní àwọn atọ́ka wọ̀nyí. Owó wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí a sin sínú ìda kì í tètè bàjẹ́. A lè fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn, a sì lè tún un rẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Irú ẹran ara inú ìda bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kó jáde lórí pẹpẹ lẹ́yìn 2010, tí wọ́n fi yí orúkọ àwọn oníṣùpọ̀ àtijọ́ kan padà sí olóje.