Ìdí Tí Nẹ́tíwọ̀kì Fi Ń Sá Nínú Ṣọ́ọ̀bù

Ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa ní Òtò: nẹ́tíwọ̀kì á wà lójú títì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, POS kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, oníbàárà á sì bínú lọ. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀.

Ìgbì rédíò ni fóònù fi ń bá máàsì sọ̀rọ̀. Ìgbì 900 MHz tí GSM ń lò láti ọdún 2001, gígùn rẹ̀ tó rúlà ọmọ iléèwé. Ó ń rìn jìnnà, ó sì ń wọlé. Ní oṣù Kejìlá 2021, àjọ NCC ta ìgbì 3.5 GHz fún MTN àti Mafab láti fi ṣe 5G. MTN sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2022. Ìgbì yìí kò gùn ju bí ìka ọwọ́ lọ. Ẹrù ńlá ló lè gbé, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Ògiri àti páànù a máa dá a dúró.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí máàsì kéékèèké pọ̀ ládùúgbò ni. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni gbígbẹ́lẹ̀ ri wáyà dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà ni àjọ 3GPP, tó ń ṣe ìlànà fóònù lágbàáyé, fi gbé ìlànà kan jáde ní 2020: máàsì kan ṣoṣo ni yóò ní wáyà, yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí èkejì lójú afẹ́fẹ́, èkejì á fi fún ẹ̀kẹta. Ẹ rántí bí àwọn lébírà ṣe ń gbé kọnkéré láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́jọ́ tí a bá ń da dẹ́kìn.

Ó ní àbùkù tirẹ̀ o. Bí ọwọ́ bá ti pọ̀ jù, iṣẹ́ á falẹ̀. Ohun tí ti iwájú bá rí gbà ni gbogbo àwọn ti ẹ̀yìn yóò pín. Bí iná bá sì lọ lára ti iwájú, tí kò ní bátìrì, gbogbo wọn ló kú nìyẹn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti máàsì. Nígbà mìíràn, bánkì ni. Nítorí náà, ẹ gbé POS súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ ní síìmù ilé-iṣẹ́ méjì lọ́wọ́. Ẹ má gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni nítorí alẹ́ẹ̀tì lásán. Ẹ yẹ àkáǹtì yín wò ná. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá háyà òrùlé yín fún máàsì, ẹ mú ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó bá ti bọ̀wé kì í ṣeé fà sẹ́yìn.