Akim Aliu: Ọmọ tí a bí ní Okene, tí ó jagun lórí yìnyín

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Pobè, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan rí bàtà àjèjì láàárín òkìtì òkìrìká. Bàtà náà ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, awọ rẹ̀ sì le koko. Lábẹ́ rẹ̀, irin gígùn kan wà tí ó mú bí ọ̀bẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rà á, nítorí náà ìyá olójà fi ta á lọ́rẹ. Ọmọ náà gbé e wá sí kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní: « Monsieur, irú ènìyàn wo ni ó ń wọ èyí? »

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín, fún un àti fún gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété.

Eré tí wọ́n ń fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ ṣe ni họ́kì orí yìnyín. Ẹni mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá: ọ̀kan ń ṣọ́ ilé, méjì ń dáàbò bo ẹ̀yìn, mẹ́ta ń kọlù. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan, ìpele mẹ́ta ni wọ́n sì ń ṣe, ìṣẹ́jú 20 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin gba olùdáàbòbò láàyè láti fi èjìká gbá ẹni tí rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eré ipá ni, eré olówó sì ni pẹ̀lú, nítorí ohun èlò rẹ̀ wọ́n.

Àwọn aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 1917 ni wọ́n dá NHL sílẹ̀, ìyẹn líìgì tí ó ga jù lọ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọdún 1958 ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Willie O'Ree, ọmọ Kánádà, tó wọ inú rẹ̀. Ní sáà 1996-1997, Rumun Ndur, tí a bí ní Zaria, di ẹni àkọ́kọ́ tí a bí ní Nàìjíríà tí ó ṣeré níbẹ̀. Olùdáàbòbò ni, ẹni tí Faransé ń pè ní défenseur.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ ká mi lára jù ni Akim Aliu. Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1989 ni a bí i ní Okene, ìlú àwọn Ebira, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá ti Kàbbà. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ukraine ni ìyá rẹ̀. Kyiv ni ó ti dàgbà, kí ìdílé rẹ̀ tó kó lọ sí Toronto nígbà tí ó wà ní kékeré. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àlòkù ni bàtà yìnyín àkọ́kọ́ tí wọ́n rà fún un. Nígbà tí mo sọ èyí fún kíláàsì, gbogbo ojú yí sí bàtà tí ó wà lórí tábìlì mi.

Ọmọ náà mọ eré ṣe. Wọ́n máa ń fi í sí iwájú ní apá ọ̀tún, nígbà mìíràn wọ́n a sì fi í sí ẹ̀yìn láti dáàbò bo ilé. Ní 2005, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní ẹgbẹ́ Windsor, ó kọ̀ láti ṣe ohun ìtìjú tí àwọn ògbólógbòó ẹgbẹ́ ń fipá mú àwọn ọmọ tuntun ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pá gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì ká. Síbẹ̀, ní 2007, ẹgbẹ́ Chicago yàn án ní ipò 56 nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí NHL yàn lọ́dún náà.

Ní sáà 2009-2010, ó wà ní Rockford, níbi tí Chicago ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn níbẹ̀ ni Bill Peters. Aliu sọ pé Peters fi ọ̀rọ̀ èébú tí a ń fi bú aláwọ̀ dúdú sọ̀rọ̀ sí òun níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, nítorí orin tí òun ń gbọ́. Nígbà tí òun sì ta kò ó, Peters kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n rán òun lọ sí líìgì tí ó kéré sí i. Wọ́n rán an lọ lóòótọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ṣeré. Ta ni ọmọ ogún ọdún yóò fẹjọ́ sùn? Aliu pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní 2012, Calgary fún un ní àǹfààní: nínú eré rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní NHL, ó gbá góòlù méjì wọlé, ó sì ṣe ọ̀nà fún ẹ̀kẹta. Síbẹ̀, eré méje péré ni ó ṣe ní NHL ní gbogbo ayé rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó tú u síta lórí Twitter. Peters ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà Calgary nígbà náà. Ó kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, ó gbà pé òun sọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́, kí oṣù náà sì tó parí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. NHL ní àwọn kò ní fara mọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Aliu lọ ṣeré ní Litvínov, ní ilẹ̀ Tchèque. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, òun àti Evander Kane pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú mìíràn dá Hockey Diversity Alliance sílẹ̀, láti gbógun ti ẹ̀tanú nínú eré náà àti láti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà. Ní 2023, ó gbé ìwé alàwòrán kan jáde nípa ìgbà èwe rẹ̀. Dreamer ni ó pè é.

Bí mo ti ń sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ náà bá èmi fúnra mi wí. Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà bá bú ọmọdé ní pápá tàbí ní kíláàsì, ohun tí a máa ń sọ fún ọmọ náà ni pé kí ó mú un mọ́ra. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ọ̀wọ̀ àgbà dára, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn baba wa kò fi òwe náà mọ síbi pẹpẹ: ọwọ́ àgbàlagbà pẹ̀lú kò wọ kèǹgbè. Àgbà tí ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọdé lè sọ ọ́ láìsí ìbẹ̀rù.

Kí agogo tó lù, ọmọ tí ó gbé bàtà wá tún nawọ́ sókè. Ó ní: « Monsieur, bí ó bá ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bú u, ta ni ìbá gbà á gbọ́? » Ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì. Èmi kò dá a lóhùn. Mo kàn sọ fún wọn pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ó wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má ṣe dúró fún ọdún mẹ́wàá.